Ilé Tí A Gbé Lọ Sẹ́nu Ọ̀nà Àwọn Èèyàn Wa

Àlàmísì, 31 Oṣù Keje 2025
Tírélà ti dé láti Woolwich. Kì í ṣe irú èyí tó ń kó símẹ́ńtì o — ilé kékeré onítáyà méjì ni, tí mọ́tò wa máa fà. Bẹ́ẹ̀dì kan, síńkì, tọ́ílẹ́ẹ̀tì tí kò ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Mo ti sọ ọ́ ní Ìgbín. Anisah ọmọ wa, tí ò ní bá wa lọ, wò ó títí, ó ní, "Mummy, ṣé hotel ò sí ni?" Mo ní ìgbádùn la fẹ́ ṣe. Irọ́ ni.

Òótọ́ rèé, ìwé yìí nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún. Bashiru ọkọ mi — Dẹ́rẹ́bà ni mo ń pè é, torí ó wa bọ́ọ̀sì lójú ọ̀nà Yarnton Way títí tó fi fẹ̀yìntì — látìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ prósítéètì fún un, ìtọ̀ kì í gbọ́ tiẹ̀ mọ́ tó bá ti sùn. Ọdún méjì rèé, kò sun ilé ẹnikẹ́ni. Bọ̀ọ̀dá Munir, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Newcastle, pè wá títí, ó ń kọ̀, kò sì sọ ìdí. Bọ̀ọ̀dá gbà pé ìgbéraga ni. Wọn ò pè mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ jẹ́ ibi ìsìnkú ni wọ́n ti máa rí ara wọn. Tá a bá gbé bẹ́ẹ̀dì tiwa dání, a lè lọ. Ọgbọ́n tí mo dá nìyẹn.

Sátidé, 2 Oṣù Kẹjọ
Birmingham. Fàsásì, ọ̀rẹ́ Dẹ́rẹ́bà láti ilé ìwé ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ìrẹsì, ẹran ewúrẹ́, ẹ̀rín lóríṣiríṣi. Ìyàwó rẹ̀ ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀. A kí wọn pé ó dàárọ̀, a jáde lọ sínú Ìgbín. Ojú Fàsásì yí padà. Ó ní ṣé ìdun ló wà nílé òun ni. Mo ní ẹ̀yìn ló ń dun Dẹ́rẹ́bà. Irọ́ kejì.

Àìkú, 3
Fàsásì ò sìn wá dé ìdí mọ́tò.

Ìṣẹ́gun, 5
Leeds. Ṣọlápé, tá a jọ tọ́jú àwọn arúgbó nítòsí Plumstead Common. Ó dì mọ́ mi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi. Ìgbà tó rí i pé a ò ní sùn nínú ilé, ó ní òun ò tíì rí Yorùbá tó gbé ilé rẹ̀ wá kí èèyàn rí. Ó rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n ó ká bẹ́ẹ̀dìṣíìtì tuntun tó ti tẹ́, ó gbé e padà sí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó dùn mí gan-an. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo dá. Àṣé àrífín ni mò ń fi mọ́tò wọ́ káàkiri ìlú òyìnbó.

Ọjọ́rú, 6
Òjò. Ọ̀la ni ti Bọ̀ọ̀dá.

Àlàmísì, 7
Newcastle. Bọ̀ọ̀dá jáde, ọ̀pá lọ́wọ́ — wọ́n ti gbó. Dẹ́rẹ́bà dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù. Wọn ò wò ó, Ìgbín ni wọ́n ń wò. Wọ́n ní ta ló fẹ́ sùn níbẹ̀ yẹn. Wọ́n wọlé. Mo ní ó ti parí.

Ìgbà tí wọ́n máa tún jáde, pílò àti bùláńkẹ́ẹ̀tì ló wà lábíyá wọn. Wọ́n ní bí àbúrò àwọn ò bá lè sun ilé àwọn, àwọn á sun tiẹ̀. Kí èmi lọ bá Auntie, ìyàwó wọn, nínú ilé. Dẹ́rẹ́bà wò mí. Mo gbé báàgì mi, mo wọlé.

Jímọ̀, 8
Mi ò sùn. Ilẹ̀ ń mọ́ ni mo gbé tíì jáde. Bẹ́ẹ̀dìṣíìtì wa ti wà lórí okùn, níbi tí gbogbo àdúgbò ti lè rí i. Bọ̀ọ̀dá ń sá ṣòkòtò tí wọ́n fúnra wọn fi sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Dẹ́rẹ́bà jókòó sẹ́nu ọ̀nà Ìgbín, ó dorí kodò, èjìká rẹ̀ ń mì.

Bọ̀ọ̀dá ò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Wọ́n ní ẹní kan ṣoṣo làwọn méjèèjì jọ ń sùn ní kékeré. Gbogbo àárọ̀ tí ẹní bá tutù, àwọn ni Ìyá máa ń nà, torí àwọn ò jẹ́ sọ pé Bashiru ni. "Ẹgba yẹn ni mo jẹ torí ẹ, ìtọ̀ kan náà lo wá torí ẹ̀ sá fún mi?"

Dẹ́rẹ́bà gbójú sókè. Ẹ̀rín ló ń rín. Ó rín in títí tó fi ń wúkọ́. Èmi ni mo wá ń sunkún, tíì ń dà sí mi lọ́wọ́.

Auntie ti tẹ́ ọ̀rá tí omi ò lè gbà kọjá sórí bẹ́ẹ̀dì lókè. Inú ilé la máa sùn lálẹ́ yìí.