Itọ́ Tí Ọlọ́pàá Kò Dà Nù

Ìyá mi, ẹ kú ilé o. Alihamudulilai, ara mi le. Ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ìjọba ló ń bọ́ mi báyìí, àwọn náà ló ń bá mi ti ilẹ̀kùn.

Ẹ rántí itọ́ tí ọlọ́pàá gbà lẹ́nu mi nígbà ẹjọ́ àkọ́kọ́? Adájọ́ dá mi láre, òfin sì ní kí wọ́n dà á nù. Wọn ò dà á nù. Òun ni wọ́n fi wé itọ́ tó wà lára pákò tí wọ́n bá nínú ṣọ́ọ̀bù tí olè ti jà, ni wọ́n bá ní èmi ni mo rún un. Lọ́yà mi ní kí ilé ẹjọ́ má gba irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Kò tíì bi mí bóyá mo débẹ̀, èmi náà ò sì dá a lẹ́nu kọ́.

Ẹ bá mi kí Àdíját. Ẹ sọ fún Bùọ̀dá Ùsmán ní Japara pé pákò tí wọ́n fi ránṣẹ́ dára gan-an. Kò sí irú ẹ̀ ní gbogbo àdúgbò yìí. Ohun tó kó bá mi náà nìyẹn.

Ọmọ yín,
Qowiyyu