Ìwé Sàárè Màmá Wa

Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ,
Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹfà.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni ẹ wà? Ìyàwó yín ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó máa ń dùn yín tí ẹ bá wa ọkọ̀ lọ sọ́nà jíjìn, ṣé ó ti fi yín lọ́rùn sílẹ̀? Mo mọ̀ pé ẹ ti dá ọwọ́ mi mọ̀ lára àpòòwé, ẹ sì ti ń bi ara yín pé kí ló dé. Ọdún mọ́kànlá rèé tí mo ti kí yín gbẹ̀yìn. Àbúrò wa ló fún mi ní àdírẹ́sì yín. N kò mọ̀ pé ó ń pè yín láti ọjọ́ yìí wá. Èmi àti òun máa sọ ìyẹn tó bá yá. Ara mi le, iṣẹ́ ń lọ, ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí inú ti ń bí mi, kò sì tíì rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín bó ṣe jẹ́, torí ọ̀rọ̀ Màmá wa ni.

Kánsù fẹ́ fẹ títì tó gba iwájú itẹ́ òkú. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ géètì pé gbogbo sàárè tó wà ní ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ ni àwọn máa hú. Ẹni tó bá mú ìwé àkọsílẹ̀ sàárè wá, wọ́n á gbé èèyàn rẹ̀ lọ sí àyè tirẹ̀ lọ́tọ̀, wọ́n á sì gbé òkúta orúkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ẹni tí kò bá rí ìwé mú wá, wọ́n á kó tirẹ̀ pọ̀ mọ́ ti àwọn yòókù sínú kòtò kan ṣoṣo, láìsí orúkọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù yìí ni wọ́n dá. Ìlà kejì sì ni Màmá wà. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa o. Oníbàárà kan ló mẹ́nu bà á níbi tí mo ti ń wọn ìbàdí rẹ̀, àfi bíi pé ọ̀rọ̀ òjò ló ń sọ. Mo gbàgbé iye tí ìbàdí náà jẹ́, mo tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹ ṣáà mọ Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá wa. Àwọn ló máa ń sọ níbi gbogbo pé àwọn làwọn sáré gba àyè sàárè Màmá. Ọdún mọ́kànlá la fi ń kúnlẹ̀ dúpẹ́. Mo lọ bá wọn fún ìwé náà, wọ́n ní eku ti jẹ ẹ́. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n wo ibi tí eku jẹ kù. Wọ́n ní eku jẹ àpótí náà pẹ̀lú. Ni mo bá kọrí sí kánsù.

Ẹ̀gbọ́n mi, ojú mi rí nǹkan. Ẹni tó wà lójú fèrèsé ní kí n lọ sí yàrá keje. Akọ̀wé yàrá keje ń fi rúlà họ ẹ̀yìn, kò dá a dúró kó tó sọ pé yàrá kejì ni. Mo dé yàrá kejì, ẹni tó ni ibẹ̀ ti lọ jẹun, aago mẹ́wàá àárọ̀ sì ni. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí ó fi dé, ó wá na fọ́ọ̀mù kan sí mi. Fọ́ọ̀mù náà ń béèrè nọ́ńbà ojú ewé tí orúkọ òkú wà nínú rẹ́jísítà. Mo bi í níbi tí mo ti máa rí nọ́ńbà náà. Ó ní inú rẹ́jísítà ni. Mo ní kó gbé rẹ́jísítà wá. Ó ní àwọn kì í gbé e jáde fún ẹni tí kò bá tíì kọ nọ́ńbà sí fọ́ọ̀mù. Mo wo ojú rẹ̀ dáadáa, kò ṣàwàdà rárá.

Mo sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà débi pé àwọn ará yàrá keje yọjú. Ọmọbìnrin tó ń tẹ̀wé ní kí n fọwọ́ wọ́nú. Mo ní mo máa fọwọ́ wọ́nú lọ́jọ́ tí wọ́n bá rí ìyá mi.

Nígbà tí mo lọ lẹ́ẹ̀kẹta, akọ̀wé yàrá kejì rí i pé n kò ní yé wá, ló bá gbé rẹ́jísítà ọdún náà kalẹ̀. Ó fi ìka wá orúkọ Màmá láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò rí i. Ó wá pa ìwé dé, ó ní, “Màmá yín ò sí níbí. Bóyá ibòmíì lẹ sin wọ́n sí.” Mo bi í bóyá ó rò pé abẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo gbé wọn pamọ́ sí.

Ìyá àgbà kan tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ yàrá ìwé ló gbà mí. Wọ́n ní láyé ìgbà náà, orúkọ òkú kọ́ ni wọ́n fi ń to rẹ́jísítà, orúkọ ẹni tó wá gba àyè ni, torí òun ni wọ́n lè kàn sí. Wọ́n ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò bá a níbẹ̀, wọn ò sì béèrè. Mo dárúkọ Bàbá Kékeré. Wọ́n wò ó, kò sí níbẹ̀. Mo dárúkọ ara mi, mo dárúkọ àbúrò wa, kò sí. Wọ́n ní, “Ó wá ku ta nínú yín?” N kò fẹ́ dárúkọ yín rárá. Mo kàn dárúkọ yín kí n lè sọ pé mo ti dárúkọ gbogbo wa tán ni. Wọn ò tíì ṣí ewé mẹ́ta tí wọ́n fi rí yín.

Ọwọ́ ìkọ̀wé yín tó rí bí ẹsẹ̀ adìẹ yẹn ni. Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ tí ẹ kọ síbẹ̀, ọjọ́ méjì kí a tó sin Màmá. Ẹ rántí ohun tí mo sọ fún yín lórí fóònù lọ́jọ́rú. Mo ní bí ẹ ò ṣe wá sí ọsibítù nígbà tí Màmá ń ṣàìsàn, ẹ má fẹsẹ̀ kan ibi ìsìnkú, torí tí ẹ bá dé ibẹ̀, èmi máa kúrò. Ẹ ò wá lóòótọ́, mo sì ń sọ fún gbogbo ayé pé bí ẹ ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Àṣé ẹ ti wá. Ẹ wọ ìlú lọ́jọ́ kejì, ẹ gba àyè fún ìyá wa, ẹ buwọ́ lùwé, ẹ sì padà sídìí ọkọ̀ yín.

Ẹ̀yin gan-an wá ni mo ń bínú sí jù báyìí. Kí ló dé tí ẹ ò sọ? Ẹ jẹ́ kí n bú yín fún ọdún mọ́kànlá, ẹ jẹ́ kí Bàbá Kékeré máa gbọpẹ́ iṣẹ́ tí wọn ò ṣe. Mo padà sọ́dọ̀ wọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n wúkọ́ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n wá ní àwọn làwọn júwe ọ́fíìsì fún yín. Mo dìde, mo jáde. Mo ń bínú sí ara mi náà nígbà tí mo ń lọ sílé, títí di ìsinsìnyí tí mo ń kọ lẹ́tà yìí.

Ọ̀rọ̀ ò tíì tán o. Akọ̀wé yẹn ní ẹni tó buwọ́ lùwé nìkan ló lè gba ẹ̀dà rẹ̀. Àlàfo kan wà nígbẹ̀yìn ìlà yín, fún ẹni tí wọ́n lè pè bí wọn ò bá rí yín. Orúkọ mi lẹ kọ síbẹ̀, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìn ilé ìfìwéránṣẹ́. Wọn ò pè mí lọ́jọ́ kan. Ẹ wá fi ọ̀rọ̀ kan kún un nísàlẹ̀: “Ó máa ń tètè bínú, ṣùgbọ́n ó máa wá.” Akọ̀wé náà kà á sókè, ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Láti kékeré lẹ ti ń pè mí ní Ata-wẹ́wẹ́, kánsù pàápàá lẹ ò jẹ́ kó má gbọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá kí oṣù tó parí. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ yín dání. Yàrá kejì ni o, ẹ má dá ará yàrá keje lóhùn, ẹ sì débẹ̀ kí aago mẹ́wàá tó lù. Mo ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì yàrá ẹ̀yìn. Ẹ bá mi kí ìyàwó yín, ẹ bá mi kí àwọn ọmọ, pàápàá èyí tí wọn ò tíì bí nígbà náà, tí n kò mọ orúkọ rẹ̀. Àbúrò wa ń kí yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ń kí yín lẹ́yìn mi tipẹ́.

Mo bínú, mo sì wá. Ó ku ẹ̀yin.

Èmi ni àbúrò yín,
Ata-wẹ́wẹ́.