Àpò Ìrẹsì Mẹ́rin àti Aunty Joanna Lẹ́yìn Jíìpù

Akínfẹ́mi, ọmọ mi àtàtà,

Báwo ni Lagos, báwo ni iṣẹ́, ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ń mú iná wá? Èmi tí mo bí ọ ni mò ń kí ọ láti Fairburn lẹ́bàá Atlanta, níbi tí òtútù ti ń mú ènìyàn títí eyín á fi máa ta ara wọn nípàá. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ohun tó ju agbára rẹ lọ wá bá ọ nílé. Ọ̀nà tí o bá tọ̀ kò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Àmín.

Mo ti gbọ́ pé Morákinyọ̀, ọkọ Fúnkẹ́ àbúrò rẹ, ti pè ọ́ pé mo kó gbogbo ìrẹsì ilé òun sínú mọ́tò, mo sì fi obìnrin ilé kejì lé e lórí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ bó ṣe yẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ìwé yìí, tí mo fi rán ọmọ ìjọ wa kan tó ń bọ̀ wá sílé. Fóònù ò ṣeé fọkàn tán ní àsìkò yìí. Níjọ́sí tí mo ń bá Ìyá Ìjọ wa ní Arárọ̀mí sọ̀rọ̀ tí à ń wo ojú ara wa, ojú wọn ṣàdédé dúró gbagidi, ẹnu wọn là sílẹ̀, wọn ò lè pa á dé. Mo ní yéè, òtútù ibí ti gba inú fóònù lọ bá wọn! Mo pariwo pé kí wọ́n lọ wá súwẹ́tà wọ̀ kíá.

Ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, gbogbo fóònù inú ilé ké lẹ́ẹ̀kan náà bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù. Mo ti dìde, mo ti wé gèlè, mo rò pé ìpè ìkẹyìn ni. Wọ́n ní rárá, ìjọba ló ń sọ pé òjò dídì ń bọ̀, èyí tí a máa ń kà nínú Bíbélì, tí wọ́n ń pè ní snow níbí. Ìjọba tí kò kí ènìyàn kó tó pariwo mọ́ ọn. Snow náà sì dé lóòótọ́. Kò ga ju ìka mi kan lọ o, ṣùgbọ́n ìlú kú. Ilé ìwé tì, ṣọ́ọ̀ṣì tì, búrẹ́dì tán ní gbogbo Georgia, ó dá mi lójú pé ẹgbẹ̀rún méjì ènìyàn ló jà sórí búrẹ́dì kan. Ọkọ̀ akẹ́rù ìjọba wá jáde, ó ń da iyọ̀ sí títì. Iyọ̀ gidi, Akínfẹ́mi! Ó wá yé mi ìdí tí ọbẹ̀ Fúnkẹ́ kì í fi í ní iyọ̀, títì ló ń jẹ ẹ́.

Ohun tó ká mi lára ni ti Màmá Ọlátẹ́jú. Wọ́n ju mí lọ, àwọn nìkan ló ń gbé nínú ilé tó kọjú sí tiwa. Kíndìnrín wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń lọ sí Jonesboro, níbi ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Ọjọ́bọ̀ yẹn, snow ò jẹ́ kí wọ́n lọ. Jímọ̀, ibẹ̀ ò ṣí. Ní àárọ̀ Sátidé, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ pè pé àwọn ṣí, ẹni tó bá dé kí aago mọ́kànlá tó lù, àwọn á fọ tirẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn ó di Mọ́ńdè. Ẹsẹ̀ Màmá ti wú bí ìrọ̀rí, wọn ò lè mí tí wọ́n bá fẹ̀yìn lélẹ̀. Mọ́tò tó máa ń wá gbé wọn ní òun ò jáde. A pe ọkọ̀ pàjáwìrì, wọ́n ní ká dúró, àwọn tó fi mọ́tò kọlu ara wọn pọ̀ níwájú wa. Fúnkẹ́ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì wà ní hospital tiwọn láti Ọjọ́bọ̀, ẹni tó yẹ kó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ò lè dé. Ó pè mí, ó ní, Mọ́mì, Màmá ò lè dúró di Mọ́ńdè o. Kò sunkún, ó kàn sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Morákinyọ̀ ní kí n fọkàn balẹ̀, ó ní jíìpù òun ò mọ snow ní bàbá. O rí jíìpù yẹn nínú fọ́tò, ó ga débi pé àdúrà ni mo fi ń gùn ún. Ó ṣáná sí i, ó tẹ̀ ẹ́, táyà ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í yí bí ẹ̀rọ ìlọta, mọ́tò ò kúrò lójú kan. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ìdí jíìpù jó lọ sọ́tùn-ún, ó jó lọ sósì, ó wá rọra yọ̀ padà sẹ́yìn títí ó fi wó igi òdòdó Fúnkẹ́ lulẹ̀. Iná kékeré kan sì tàn níwájú sítíà, àwòrán mọ́tò tó ń fa ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lẹ́yìn bí ejò méjì. Mo ní o ò rí i, mọ́tò ti ya àwòrán ara rẹ̀ fún ọ, ó ní ìdí ló ń dun òun. Ìgbà yẹn ni ọkọ Fúnkẹ́ tó wá wo inú ìwé mọ́tò, ló bá rí i pé táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń ti jíìpù náà. Ó ní òun rò pé gbogbo jíìpù ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ti. Akínfẹ́mi, ọdún mẹ́ta ló ti ń gùn ún yangàn ní ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, kò mọ ẹsẹ̀ tó fi ń rìn! Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Mo ní Ọlọ́run ti fi lé wa lọ́wọ́ ná, dìde.

O rántí Bíyìí, tó máa ń fi píkọ́ọ̀pù kó kòkó wa kúrò lóko? Táyà ẹ̀yìn ló ń ti tiẹ̀ náà. Tí òjò bá rọ̀, tí ọ̀nà Arárọ̀mí bá ń yọ̀ bí ilá, Bíyìí kì í gbé mọ́tò òfìfo. Á ní ẹ̀yin ìyá, ẹ bọ́ sẹ́yìn, ẹ jókòó lé táyà lórí. Àwa tí ara wa tóbi, ọ̀fẹ́ ló máa ń gbé wa. Mo bá wọ ibi tí wọ́n ń kó oúnjẹ sí, mo ní kí Morákinyọ̀ gbé àpò ìrẹsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde, pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì epo pupa méjì, a tò wọ́n sórí táyà ẹ̀yìn. Mọ́tò sún díẹ̀, ó tún yọ̀. Ìgbà náà ni Aunty Joanna ilé kejì yọ jáde, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bora, ó ń woran. Ara rẹ̀ nìkan ló gba ìdajì fọ́tò Kérésì wa. Mo ní, Joanna, ara tí Ọlọ́run fún ọ yìí, òní ló dá a fún. Ó ní, áà, Mọ́mì, ṣé ẹ ń bú mi ni? Mo ní rárá, mo fẹ́ lò ọ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó lọ wọ bàtà, ó sì wọlé sí ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá. Jíìpù mí kanlẹ̀. Nígbà tí Morákinyọ̀ tún rọra tẹ̀ ẹ́, ó gbéra bí mọ́tò tuntun.

A gbé Màmá Ọlátẹ́jú wọlé, mo jókòó tì wọ́n ní ìjókòó àárín, mò ń darí awakọ̀. Tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń tẹ ẹyin. Má sáré. Má tẹ búrẹ́kì lójijì. Obìnrin kan tún wà nínú fóònù Morákinyọ̀ tó ń darí wa. Bí a ṣe yà kúrò ní ọ̀nà rẹ̀ nítorí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, ó ní ká ṣẹ́rí padà. Mo ní ìyá, ẹ ò rí yìnyín ni? Ó tún un sọ. Alágídí ni, ṣùgbọ́n kò bínú lẹ́ẹ̀kan, mo sì kí i pé ó kú iṣẹ́. Mọ́tò tí wọ́n pa tì sójú ọ̀nà tó ọ̀ọ́dúnrún, mo kà á dé ogójì kó tó sú mi.

Ibi tí à ń lọ kò ju òkè kan lọ mọ́ nígbà tí Màmá di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní kí n má bínú pé àwọn ń dà wá láàmú. Wọ́n ní ní oṣù kọkànlá, ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn mọ̀ọ́mọ̀ jókòó sílé láìlọ fọ ẹ̀jẹ̀, nígbà tí mọ́tò kùnà láti wá, ojú sì ti àwọn láti tún kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́, ìdí jíìpù yọ̀ lọ sọ́tùn-ún. Morákinyọ̀ ké yéè. Mo ní má tẹ búrẹ́kì, gbẹ́sẹ̀ kúrò, yí sítíà sọ́tùn-ún, síbi tí ìdí ń lọ! Aunty Joanna pariwo Jésù, ó fẹ́ sún wá síwájú, mo ní Joanna, jókòó síbẹ̀, ìwọ ló mú wa dúró! Jíìpù gbọ̀n, ó ronú, ó tọ́. A gun òkè náà bí ìgbín.

Aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú méje ni a wọlé. Wọ́n gbé gíláàsì pẹlẹbẹ kan tó dà bí fóònù ńlá fún mi, pé kí n fi ìka kọ ohun tí mo jẹ́ sí Màmá. Mo fi ìka kọ ọ́ pé a jọ ń mu ẹ̀kọ ní àárọ̀, a sì jọ ń gbàdúrà ní ìrọ̀lẹ́. Ọmọbìnrin náà wò ó, ó ní ó dára. Wákàtí mẹ́rin ni ẹ̀rọ fi ṣiṣẹ́. Nígbà tí Màmá jáde, bàtà tí kò wọ̀ wọ́n láàárọ̀ ti wọ̀ wọ́n, ohun tí wọ́n sì kọ́kọ́ sọ ni pé ebi ń pa àwọn.

Mo ti pinnu, Akínfẹ́mi. Màá kọ́ mọ́tò. Ìwé ìgbélùú mi ti jáde, mo sì ti gba ìwé òfin ọ̀nà tí wọ́n fi ń dán ènìyàn wò, mo ń kà á lẹ́yìn Bíbélì. Wọ́n ní kí gbogbo mọ́tò dúró tí bọ́ọ̀sì ọmọ ilé ìwé bá dúró. Ó wù mí, wọ́n kọ́ mọ́tò ní ẹ̀kọ́ ilé. Morákinyọ̀ ní, Mọ́mì, ẹ ti pé mẹ́tàdínláàádọ́rin o. Mo ní jíìpù tìrẹ ò ju ọdún mẹ́ta lọ, ta ló yẹ kó bẹ̀rù ẹnì kejì? Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, èmi ni màá máa kan ilẹ̀kùn Màmá Ọlátẹ́jú, kì í ṣe pé wọ́n á tún máa kan ti ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, owó òrùlé tí o fẹ́ fi ṣe ilé mi ní Arárọ̀mí, fi ránṣẹ́ sí mi fún ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀. Mo mọ̀ pé America ni àwọn ènìyàn ń retí pé kí owó ti wá sí Lagos. Kí tiwa gba òdìkejì. Òrùlé yẹn lè jò fún ọdún kan sí i, èmi ò sí lábẹ́ rẹ̀. Pe kápẹ́ńtà, sọ fún un kó sọ̀ kalẹ̀.

Ọlọ́run tó gbé wa gun òkè Jonesboro kò ní fi ọ́ sílẹ̀ sáàárín ọ̀nà. Nígbà tí o bá ń wá ẹni tó máa tì ọ́ lẹ́yìn, wàá rí i, yóò sì wúwo tó.

Èmi ni ìyá rẹ tí kò ní jókòó,
Màmá Akínfẹ́mi.