Ìwé Tó Fẹ́ Sọ Mí Di Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀gbọ́n Mi

Ìkàrẹ́-Àkókó,
Ọjọ́ Ajé.

Kamaldeen ọmọ mi,

Ká kọ́kọ́ parí ọ̀rọ̀ owó kí n tó kí ọ, kí ìkíni mi má baà dà bí ẹni ń tu olówó lójú. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà tí o fi ránṣẹ́ fún kóòtù àti ọkọ̀ Àkúrẹ́, mo ná ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógún níbẹ̀, mo sì fi mẹ́rin tó kù ra iṣu Epinmi méjì fún ọ. Oyèbọ̀dé awakọ̀ ló ń gbé e bọ̀. Bí o bá bá ẹyọ kan ṣoṣo, òun ni kí o bi, má bi mí. Páásípọ́ọ̀tù kò tíì jáde, ẹ̀bi mi sì ni. Àlàyé ni mo jẹ ọ́ lórí ìyẹn, n ó ṣe é tán kí ìwé yìí tó parí.

Àsàlámù àlékúmù. Ṣé ara le? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ọlọ́hun á ṣọ́ yín ní ìjáde àti ìwọlé, àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ kò ní rí àbùkù rẹ. Ilé dára. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, òrùlé ẹ̀yìnkùlé sì ti ń jò, ṣùgbọ́n ìyẹn lè dúró.

O mọ̀ pé nítorí ojú ẹ̀gbọ́n mi Limota, ìyá rẹ tó wà ní Lomé, la ṣe bẹ̀rẹ̀ gbogbo èyí. Marwa ọmọ wọn ní dókítà sọ pé ìmọ́lẹ̀ tó kù lójú wọn lè má pé oṣù mẹ́ta. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń béèrè ni kí wọ́n rí ojú mi kí tiwọn tó ṣú tán. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí a ti rí ara wa. Nígbà tí o sọ pé gbogbo orílẹ̀-èdè méjìlá inú ẹgbẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà yẹn ló gba páásípọ́ọ̀tù wa, pé n kò ní gba fisà, pé n ó kàn kọjá ní bọ́dà bí ẹni ń lọ sí Ọ̀kà, mo dúpẹ́. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n tẹ́lẹ̀, rédíò ní mẹ́ta ti bínú jáde. Kò sí ẹbí tí irú ẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo ronú. Ẹgbẹ́ tó bá ń lo ìwé kan náà, á ní rẹ́jísítà kan náà. Ẹgbẹ́ àwa oníṣu ní tiwa, ọjọ́ orí la fi to orúkọ inú rẹ̀, àgbà lókè, àbúrò nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń gba ìsọ̀. Ọjọ́ tí Marwa wá fi fọ́tò káàdì ìyá rẹ̀ ránṣẹ́, mo rí 1972 níbẹ̀. Ọkọ wọn olóògbé ló dín ọdún wọn kù nígbà tí wọ́n dé Lomé, kí wọ́n lè gbà wọ́n níbi iṣẹ́ ìránṣọ. Èmi tí wọ́n pọ̀n, 1970 ló wà nínú NIN mi, òtítọ́ sì ni. Ta ni n ó wá jẹ́ nínú rẹ́jísítà orílẹ̀-èdè méjìlá? Ẹ̀gbọ́n Limota!

Mi ò sọ èyí fún ọ rí. Limota ni wọ́n kọ́kọ́ mú lọ sílé ìwé. Ọdún tí bàbá wa já bọ́ lórí ọ̀pẹ, owó ẹnì kan ló kù. Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ yunifọ́ọ̀mù wọn, wọ́n wọ̀ ọ́ sí mi lọ́rùn, ó gùn kọjá orúnkún mi, wọ́n ní kí n máa lọ. Mo ka ìwé mẹ́fà, wọn ò ka ju méjì. Ohun tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí, ọwọ́ wọn ni mo ti gbà á. Ṣé èmi náà ni n ó tún gba ipò àgbà lọ́wọ́ wọn?

Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ sí kóòtù Ọ̀kà, mi ò lọ sí ti Ìkàrẹ́ kí ẹni tó mọ̀ mí má baà gbọ́. Mo búra pé 1976 ni wọ́n bí mi. Ọdún mẹ́rin ni Màámi fi sáàárín àwa méjèèjì, ọdún mẹ́rin náà ni mo fi sí i.

Ní Àkúrẹ́, ọ̀gá tó gba ìwé mi to NIN àti ìwé kóòtù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó ní, Màmá, ẹni méjì ló wà níbí, èwo ni yín? Mo ní ẹnì kan ni mí, àmọ́ mo ní ẹ̀gbọ́n. Ó bi mí pé ọmọ ọdún mélòó ni ọmọ yín tó ń bá yín ṣe é. Mo fi ọ́ yangàn, mo ní méjìdínlógójì. Ó fi bírò ṣírò rẹ̀, ó wò mí títí, ó ní ṣé ọmọ ọdún méjìlá ni ẹ ti bí i? Kamaldeen, mi ò ṣírò tìẹ mọ́ ọn. Ojú tì mí. Ó ní kí n lọ tún un ṣe, òun ò lè ṣe ìwé fún ẹni méjì.

Mo ní kí Olúrántí, tíṣà tó wà nílé kejì, bá mi ròyìn rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi lórí Wasáàpù. Ohùn wọn ló padà wá. Mo kúnlẹ̀ gbọ́ ọ, mo ń dá wọn lóhùn ní gbogbo ibi tí wọ́n ti sinmi. Olúrántí ní ohùn tí wọ́n ti ká sílẹ̀ ni, wọn ò gbọ́ mi. Mo ní kò burú, ẹni tó gbé e wá á gbọ́.

Wọ́n ní, Safinat, ṣé o ò ní gbọ́n báyìí ni? Ta ló ní kí o gé ọjọ́ orí rẹ, ṣé iṣu ni? Wọ́n ní bí wọ́n bá bi mí ní bọ́dà, kí n ní èmi ni ẹ̀gbọ́n, kí n fẹ̀ bí ẹ̀gbọ́n, kí n kọjá. Bí mo bá wá dé ẹnu ọ̀nà àwọn, kí n bọ́ bàtà, kí n kúnlẹ̀, kí n rántí ẹni tí mo wá kí. Lẹ́yìn náà ohùn wọn rọlẹ̀. Wọ́n ní kò sí ìwé tí àwọn lè rí kà mọ́, ìbáà jẹ́ tèmi tàbí tàwọn, pé ojú mi nìkan ni àwọn fẹ́ fi ìwọ̀nba tó kù wò.

Mo sunkún. Ní ọjọ́ kejì mo padà sí Ọ̀kà, mo tọrọ àforíjì, mo búra òtítọ́. Mo sì ti gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta fún ìbúra àkọ́kọ́, kí Ọlọ́hun forí jì mí.

Wàyí o, bá mi gba ọjọ́ tuntun ní Àkúrẹ́, kí o sì fi ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ránṣẹ́ fún ọkọ̀. Owó ọkọ̀ Lomé, mo ní ìdajì, kí o san ìdajì. Ti káàdì abẹ́rẹ́ tí o ní wọ́n ń béèrè ní bọ́dà, bi wọ́n bóyá àpá abẹ́rẹ́ tó wà lápá mi láti ilé ìwé kò tó, kí owó káàdì lè yọ. Mo sì gbọ́ pé àádọ́rùn-ún ọjọ́ ni wọ́n ń fún èèyàn níbẹ̀. Iṣu mi ò ní dúró dè mí tó bẹ́ẹ̀. Bẹ̀ wọ́n kí n lo ogójì, kí wọ́n bá mi tọ́jú àádọ́ta yòókù di ọdún tó ń bọ̀.

Ọlọ́hun kò ní jẹ́ kí o pẹ́ dé ibi tí wọ́n ti ń retí rẹ. Ojú tìẹ náà á rí rere àwọn ọmọ rẹ, á sì rí i pẹ́. Àlùbáríkà á wà nínú owó tí o bá fi ránṣẹ́ àti nínú èyí tó bá kù sí ọ lọ́wọ́.

Èmi ni ìyá rẹ, Safinat Abọ́dẹrìn.

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni Marwa máa ń pè, ìyá rẹ̀ á sì gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á bi mí pé ọjọ́ wo ni mò ń bọ̀. Mi ò fẹ́ kí n dákẹ́ mọ́ wọn lórí. Ọjọ́bọ̀ ni mo ń retí èsì rẹ, ní ọ̀sán.