Okùn Tó Di Ààlà ní Sutgol

Ilé Kejì sí Kànga,
Sutgol,
Wọ́ọ̀dù Naeri Kejì,
Ìlú Hanju.

Ọjọ́ kẹfà, Oṣù Kẹta, 2024.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ààlà àti Orúkọ Àdúgbò,
Gbọ̀ngàn Ìjọba Ìlú,
Hanju.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ DÁ ÀÀLÀ SUTGOL PADÀ SÍ ETÍ ODÒ KÍ WỌ́N TÓ HÚ IGI ÀGBÀ WA

1. Èmi Tak Chun-sik ni mo ń kọ ìwé yìí. Kíláàsì mẹ́ta péré ni mo kà kí n tó gbé igi ìpọnrù kọ́ ẹ̀yìn, tí mo ń ru èédú sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè. Ẹ wo òkè kan náà lónìí: ọgbà àjàrà ló bò ó, ọwọ́ mi méjèèjì ló sì gbìn ín. Ọmọ mi obìnrin, dókítà eyín, ní kí n jẹ́ kí òun bá mi kọ ọ́ kó lè dùn létí. Mo ní rárá. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ló ń sọ ọ́.

2. Abúlé Sutgol ni wọ́n ti bí mi, lábẹ́ ẹkùn Naeri, ní ìjọba ìbílẹ̀ Muryeong. Ní 1989, ìlú Hanju fẹ̀, ó gbé ẹkùn wa mì, Sutgol sì di wọ́ọ̀dù. Èmi olórí abúlé ni mo gé rìbọ́n lẹ́nu ọ́fíìsì tuntun. Alákòóso ìlú ìgbà náà kàn bá mi di etí rẹ̀ mú ni. Nígbà tó yá, wọ́n ní a kéré jù, wọ́n ti ọ́fíìsì náà pa, wọ́n dà wá pọ̀ mọ́ Naeri Kejì. Inú yàrá tí wọ́n bí mi sí ni mo ṣì ń sùn, síbẹ̀ àdírẹ́sì mẹ́ta ni mo ti ní. Èmi kò kó kúrò nílé rí. Ìjọba ló ń kó mi kiri.

3. Gbogbo ìyẹn ni mo gbà. Ohun tí n kò gbà ni ààlà ọdún 1989. Igi àgbà wa wà nísàlẹ̀ abúlé, igi neuti tó ti wà kí baba ńlá wa tó débẹ̀, odò kékeré sì ń ṣàn lẹ́yìn rẹ̀. Odò yẹn ni ààlà àwa àti Gaeun, abúlé tó múlé tì wá, láti ayébáyé. Ní òṣùpá kíkún àkọ́kọ́ nínú ọdún, a máa ń gbé ọtí ìrẹsì, àkàrà ìrẹsì àti orí ẹlẹ́dẹ̀ síwájú igi náà fún àlàáfíà abúlé. Kí ọjọ́ náà tó pé, a ó ti ta okùn dí ọ̀nà tó ti abúlé lọ sídìí igi, okùn koríko ìrẹsì tí a lọ́ sí òsì, nítorí èyí tí a lọ́ sí ọ̀tún, ti ẹrù ni. Bí okùn bá ti wà níbẹ̀, àlejò kì í kọjá.

4. Àsìkò yẹn gan-an ní 1989 ni Ọ̀gbẹ́ni Gu, awọnlẹ̀ tí ìlú rán, dé. Mo ní, “Àbúrò, odò ni ààlà wa. Jẹ́ ká tú okùn ná, kí o padà wá.” Ó bọ́ fìlà, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ọ̀la ni ọ̀gá mi fẹ́ gba ìwé yìí. Bí ìyá mi bá sì gbọ́ pé mo sọdá okùn yín, ẹ̀yìn òde ni màá sùn.” Ó kan èèkàn mọ́ ẹsẹ̀ okùn, ó ní òun ń bọ̀ wá tún un ṣe. Wọ́n gbé e lọ sí ìlú mìíràn, èèkàn yẹn sì di ààlà nínú àwòrán ilẹ̀ yín títí dòní, igi wa sì bọ́ sọ́dọ̀ Gaeun. Èmi ni mo fọwọ́ mi lọ́ okùn náà. Ẹ wá gbogbo Hanju, bóyá ẹ ó rí ẹlòmíràn tó lọ́ okùn tí ìjọba sọ di ààlà.

5. Kò kọ́kọ́ ni wá lára, nítorí oko ìrẹsì ló wà lódìkejì odò, àwọn ará Gaeun sì ń bá wa jẹ orí ẹlẹ́dẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn kọ́lékọ́lé ra oko náà, wọ́n ra ilẹ̀ ìdí igi mọ́ ọn, nítorí ìwé ní ti Gaeun ni. Gaeun ti di Wọ́ọ̀dù Saebyeol báyìí, ilé alájà gíga sì ti bo oko.

6. Ní oṣù tó kọjá, a gbé oúnjẹ àti ọtí igi náà dé géètì àwọn ilé alájà yẹn. Ẹ̀ṣọ́ ní, “Bàbá, olùgbé nìkan ló ń wọlé.” Mo ní, “Kí wọ́n tó bí ọ ni igi yẹn ti mọ̀ mí.” Ìyáàfin Noh Hye-won, alága àwọn onílé, jáde sí wa. Ó kí wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ní àwọn yóò hú igi náà ní oṣù karùn-ún kí ọ̀nà ọkọ̀ lè fẹ̀, àwọn yóò sì tún un gbìn sẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, “Ìyáàfin, ẹ kọ́kọ́ gbé ìyá ìyá yín lórí ibùsùn lọ sínú òjò. Bó bá yè é, ẹ padà wá hú igi.” Ó ní ẹ̀rọ ìgbàlódé ni wọn yóò lò.

7. Ọ́fíìsì Saebyeol ní èmi kì í ṣe ará ibẹ̀. Ọ́fíìsì Naeri Kejì ní igi kì í ṣe ti ibẹ̀. Mo wá Ọ̀gbẹ́ni Gu kàn, tó ti fẹ̀yìn tì. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ìyá mi ti lọ, ṣùgbọ́n n kò tíì lè sọdá okùn yẹn. Màá wá jẹ́rìí.” Ẹ pè é.

8. Ohun tí mo ń béèrè kò le. Ẹ dá ààlà padà sí etí odò. Kò sí ilé ẹnikẹ́ni tí yóò wó. Kí ẹ tó ṣe é, ẹ pàṣẹ kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan igi náà. Bí ẹ bá sì dákẹ́, ẹ má rò pé mo sùn. Koríko ìrẹsì ti wà nínú omi nílé mi, ó ti ń rọ̀. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ ìhúlẹ̀ bá dé, yóò bá okùn lójú ọ̀nà, okùn tí a lọ́ sí òsì, èmi àti àwọn àgbà Sutgol yóò sì jókòó lẹ́yìn rẹ̀. Ní 1989, ìjọba kò lè sọdá rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo ẹni tí yóò sọdá rẹ̀ lọ́dún yìí.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín, tí kò kó kúrò nílé rí,

Tak Chun-sik,
Olórí Abúlé Sutgol tẹ́lẹ̀rí,
Alága Ilé Ìgbafẹ́ Àwọn Àgbà, Sutgol.