Èéfín Mọ́tò Lójú Fèrèsé Màmá Àgbà

Sátidé, ìrọ̀lẹ́

Inú ṣì ń bí mi sí ara mi díẹ̀, àmọ́ ọkàn mi ti balẹ̀.

Oòrùn Bódìjà ọ̀sán yìí kì í ṣe kékeré. A fẹ́ lọ kí àǹtí mi ní Challenge, ni mo bá tẹ rìmóòtù mọ́tò láti orí bẹ́ẹ̀dì mi lókè. Mọ́tò Dádì sítáàtì fúnra ẹ̀ nísàlẹ̀, kí éésì lè ti tutù ká tó wọlé. Ó máa ń ṣe mí bíi pé ọ̀gá ni mí. Mo wá gbàgbé ara mi sídìí fóònù.

Òórùn èéfín ló gbé mi dìde. Ẹ̀yìn mọ́tò kọjú sí fèrèsé Màmá Àgbà, ìyá Dádì, wọ́n sì ń sùn! Mo sáré pa mọ́tò, mo fà wọ́n jáde. Wọ́n ń wúkọ́.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ẹja lo pè mí, tí o fẹ́ yan mí?"

Mo bú sẹ́kún. Èmi fúnra mi ni mo jẹ́wọ́ fún Dádì.

"Ṣé èéfín jẹnẹrétọ̀ nìkan lo rò pé ó ń pa èèyàn ni?" Dádì ní títí láé, ìta géètì la ó ti máa sítáàtì ẹ̀, ká sì kọ́kọ́ ṣí gíláàsì kí ooru jáde.

Màmá Àgbà gba rìmóòtù lọ́wọ́ mi. Níta géètì, wọ́n tẹ̀ ẹ́, mọ́tò dáhùn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́, ó kú. "Ta ló pa á?"

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo ń tẹ́tí sí mímí wọn títí a fi dé Challenge. Wọn ò wúkọ́ mọ́.