Jíà Ńlá Kò Gun Òkè

Máze, Finnmárku.
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Kẹrin, ọdún 2019.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Gáren,

Ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ńkọ́? Ṣé àwọn ọmọ ò yọ yín lẹ́nu jù ní Romsa? Àwa wà láàyè, àmọ́ Issát ọkọ mi ti fẹ́ pa mí.

Ẹ mọ̀ pé ọ̀kadà yìnyín kan ṣoṣo la ní, òun náà ló ń wọ́ oúnjẹ àwọn àgbọ̀nrín wa gun òkè. Issát yọ jíà kékeré tó ń fún un lágbára, ó fi ńlá sí i nítorí eré ìje ọdún Àjíǹde lórí odò tó ti di yìnyín. Jíà ńlá mọ eré í sá lóòótọ́, àmọ́ àtigbéra niṣẹ́.

Mo ní, "Bàbá Biret, ẹrù ńkọ́?"

Ó ní, "Fi mí lọ́rùn sílẹ̀ jàre! Ẹ̀yìn mi ni Heaika máa máa wò lọ́dún yìí."

Heaika, ìbátan rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn rẹ̀ gbálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì! Heaika yìí kan náà ni Issát tún lọ fi jíà kékeré wa ta lọ́rẹ. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Òkè ló yẹ kó wò kó tó yan jíà.

Ní Ọjọ́bọ̀, òjò rọ̀ sórí yìnyín, ó dì le gbagidi. Àwọn abo tó lóyún ò lè wa oúnjẹ jẹ mọ́. A di ẹrù, ọ̀kadà dé ìsàlẹ̀ òkè, ó ń bú ramúramù, bẹ́líìtì ń rùn, kò sún. Mo ní kó lọ gba jíà kékeré padà. Ó ní ó di ẹ̀yìn eré, kí n máa tì í ná. Kí n máa tì í! Mo so ọ̀dá àgbọ̀nrín wa tó ti darúgbó mọ́ ọkọ̀ pákó Bàbá tí wọ́n ń wọ́ lórí yìnyín, mo ń wọ́ àpò méjì méjì fún ọjọ́ méjì.

Eré náà ńkọ́? Omi òjò ti bo odò, wọ́n bá gé ojú eré kù sí igba mítà. Kí jíà ńlá tó jí lójú oorun, Heaika ti débẹ̀. Jíà wa ló fi borí wa.

Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tí mo ti ń sá fún láti òkè lẹ́tà yìí nìyí. Abo àgbọ̀nrín yín olójú funfun, tó ní àmì yín létí, ti kú pẹ̀lú oyún inú rẹ̀. Òun ló jìnnà jù. Nígbà tí mo gbé àpò tó kẹ́yìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́ lórí odò.

Issát ti gba jíà kékeré padà lọ́wọ́ Heaika, ó ti fi sí ọ̀kadà. Ó ní kí n bá òun bẹ̀ yín. Mo ní ẹnu tó fi pe Heaika níjà kò tíì sọnù, kó fi bẹ̀ yín fúnra rẹ̀.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín.

Èmi ni àbúrò yín tínú ń bí,
Ravdná.